Ọ́ìlì ọ̀kadà àti sìkútà: èwo ló jẹ́ owó pọ́ọ́kú lóòótọ́, èwo ló ń gba owó lẹ́yìn?

Lítà ọ́ìlì kan, bóyá kó lé díẹ̀ tàbí kó dín díẹ̀, lọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ń rìn lójú títì wa ń gbà. Iṣẹ́ mẹ́ta ni lítà kan ṣoṣo yẹn ń ṣe. Òun ló ń jẹ́ kí písítìnì àti fálífù máa yọ̀, òun ló ń dáàbò bo eyín gíà, inú rẹ̀ náà sì ni àwọn puléètì kílọ́ọ̀ṣì ń gbé. Mọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀: gíà mọ́tò ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì gbẹ táútáú. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní ọ́ìlì ni gbogbo ọ́ìlì ń jẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò tirẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́.

Ọ́ìlì owó pọ́ọ́kú ni à ń wá níbí, kò sì sí ìtìjú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ike lásán kò lè sọ èyí tó jẹ́ owó pọ́ọ́kú.

Ẹ yí ike náà padà

Iwájú ike, àwòrán ọ̀kadà tó ń sáré àti "4T" gàdàgbà lẹ máa rí. 4T kò sọ ju pé ẹ́ńjìnnì sítírókù mẹ́rin ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀yìn ike lọ̀rọ̀ wà, nǹkan mẹ́ta péré lẹ sì ń wá níbẹ̀.

Èyí tó ṣe kókó jù ni JASO. Àwọn ará Japan ló gbé òṣùwọ̀n yìí kalẹ̀ fún ọ́ìlì alùpùpù, torí pé API, òṣùwọ̀n àjọ epo rọ̀bì Amẹ́ríkà, mọ́tò ló ń wò, kò yẹ kílọ́ọ̀ṣì wò rárá. Ọ́ìlì tó bá jẹ́ MA nínú òṣùwọ̀n JASO, wọ́n ti dán an wò pé kílọ́ọ̀ṣì tó wà nínú rẹ̀ á di ara wọn mú. Ní 2006 ni wọ́n pín MA sí MA1 àti MA2. MA2 ló ń jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì dì mú jù. MB yọ̀ ju gbogbo wọn lọ, ti sìkútà ni, kò ní iṣẹ́ kankan nínú ọ̀kadà tó ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ẹ wò ó dáadáa: ṣé inú àpótí kékeré tó ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ni MA náà wà, àbí wọ́n kàn kọ ọ́ mọ́ àárín ọ̀rọ̀ yòókù? Èyí tó wà nínú àpótí tó ní nọ́ńbà ló múná dóko jù. Èyí tí wọ́n kọ lásán, ẹnu ẹni tó ń tà á la gbọ́ ọ.

API ló tẹ̀ lé e. Fún ọ̀kadà, SJ tàbí SL ti tó. Láti 2001 ni SL ti wà, kò sì sí ohun tí Boxer 100 fẹ́ fi SN tàbí SP ṣe tí SL kò ní ṣe fún un, nítorí náà ẹ má fowó kún owó torí lẹ́tà tuntun. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra: SC, SD, SF. Ẹ́ńjìnnì ayé àtijọ́ ni wọ́n ṣe ìwọ̀nyẹn fún, kẹ́míkà tó ń fọ ìdọ̀tí àti èyí tó ń dènà jíjẹ irin kò pọ̀ nínú wọn. Òṣùwọ̀n JASO fúnra rẹ̀ kì í gba ohun tó bá rẹlẹ̀ sí SG. Bí ike kan bá kọ API SC, tó tún kọ JASO MA sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú méjèèjì ń parọ́.

Ìkẹta ni nọ́ńbà bíi 20W-50. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn pọ̀ sí láàárín àwọn mẹkáníìkì.

20W-50, 40 lásán, 10W-30

Nọ́ńbà ẹ̀yìn ló kàn wá jù nílẹ̀ olóoru. Òun ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe máa ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Ní òṣùwọ̀n sẹ́ńtísítókì, tí wọ́n fi ń wọn bí ọ́ìlì ṣe ki tó, 30 máa ń wà láàárín 9.3 sí 12.5, 40 wà láàárín 12.5 sí 16.3, 50 sì bẹ̀rẹ̀ láti 16.3, kò gbọdọ̀ dé 21.9. Ẹ wo ọ̀kadà tó gbé èrò méjì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́sàn-án gangan. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, ọkọ̀ kò sì rìn tí afẹ́fẹ́ máa fi fẹ́ sí i. Ọ́ìlì tó bá ti fẹ́lẹ́ jù níbẹ̀ á yẹra, irin á sì máa ha irin. Ìdí nìyí tí Bajaj fi ní kí wọ́n máa lo 20W-50 nínú Boxer. Ti 20W iwájú, ọ̀rọ̀ òtútù ni. Ọyẹ́ tiwa kò mú débi tó máa di ọ́ìlì.

Àlébù 20W-50 ni pé ohun kan tó dà bí okùn rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n pò mọ́ ọn kó má bàa ṣàn jù tó bá gbóná, eyín gíà sì máa ń gé okùn yẹn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọ́ìlì tó wọlé bíi 50 lè máa ṣe bíi 40 kó tó jáde. Inú mọ́tò kò ti rí bẹ́ẹ̀, torí gíà kò sí nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Nítorí náà, bí 20W-50 yín bá jẹ́ olówó kékeré, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì.

40 lásán, tí kò ní W kankan, kò ní okùn tí gíà máa gé. Owó rẹ̀ kéré ju ti 20W-50 lọ, kílọ́ọ̀ṣì kì í sì í sábà yọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ kùtùkùtù ó máa ń pẹ́ kó tó gòkè dé kámù, èyí tó pọ̀ jù lórí igbá nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ API àtijọ́ tí a wí lẹ́ẹ̀kan. Jẹnẹrétọ̀ ló dáa fún. Fún ọ̀kadà, ẹ fi sí ipò ohun tí a ń rọ kún ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ tí ojúlówó kò sí nítòsí.

10W-30 ni ìwé ọ̀pọ̀ Honda kékeré tuntun ń pè. Inú ẹ́ńjìnnì wọn fún, ọ́ìlì fẹ́lẹ́ ló ń tètè wọ ibi tó yẹ. Bí ọ̀kadà yín bá jẹ́ tuntun, tí kò tíì máa jẹ ọ́ìlì, ẹ ṣe bí ìwé ṣe wí. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín búlúù ni kí ẹ gòkè sí 10W-40, lẹ́yìn náà sí 20W-50.

Ọ́ìlì mọ́tò ńkọ́?

Èèyàn ńlá ló ń fi ọ́ìlì mọ́tò gun ọ̀kadà láti ọdún gbọọrọ, ẹnìkan ò sì lè sọ fún un pé kò dáa. Òótọ́ díẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń mú kílọ́ọ̀ṣì yọ̀ ni kẹ́míkà tí wọ́n fi sínú ọ́ìlì mọ́tò láti dín epo bẹntiróòlù kù, ọ́ìlì fẹ́lẹ́ bíi 5W-30 àti 0W-20 ló sì pọ̀ sí jù. 20W-50 ti mọ́tò kì í sábà ní in. Ọ̀nà láti dá a mọ̀: ẹ wo àmì API róbótó tó wà lẹ́yìn ike. Bí wọ́n bá kọ "Energy Conserving" tàbí "Resource Conserving" sí ìsàlẹ̀ róbótó yẹn, ẹ dá a padà sórí igbá.

Bó bá ti wọlé tán, àmì rẹ̀ kò fara sin. Ẹ ó gbé èrò gun òkè Mápó, ẹ ó fún iná, ẹ́ńjìnnì á pariwo gan-an, ọ̀kadà á kàn máa fà bí ẹni tí ebi ń pa. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, òórùn jíjóná á máa ti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì wá. Bí ẹ bá tètè pa ọ́ìlì yẹn dà, tí ẹ fi MA2 sí i, ó lè bọ̀ sípò lẹ́yìn pípààrọ̀ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí puléètì bá ti jóná, owó puléètì ti wọ̀ ọ́. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi òògùn ọ́ìlì inú ìgò kékeré kún ti ọ̀kadà. Ohun tó ń jẹ́ kí mọ́tò dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀ náà ló ń jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀.

Àwọn mìíràn fẹ́ràn ọ́ìlì dísù 15W-40. Ó máa ń fọ inú ẹ́ńjìnnì dáadáa, kì í sì í sábà ní kẹ́míkà tó ń yọ̀. Àwọn kan nínú rẹ̀ tiẹ̀ kọ JASO MA sẹ́yìn. Èyí tó bá kọ ọ́, ẹ lè lò ó. Èyí tí kò bá kọ ọ́, ó máa ń fi eérú sílẹ̀ lórí písítìnì nínú ẹ́ńjìnnì tó bá ti ń jẹ ọ́ìlì, owó tí ẹ sì fi dín kò tó nǹkan.

Ọ́ìlì lásán àti ọ́ìlì alábọ́dé: ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Lábẹ́ orúkọ kan náà, ilé iṣẹ́ kan lè ní irú mẹ́ta. Shell Advance ní AX3 àti AX5 tí wọ́n fi ọ́ìlì ilẹ̀ ṣe, AX7 jẹ́ alábọ́dé (ọ́ìlì ilẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ àtọwọ́dá), Ultra sì jẹ́ àtọwọ́dá pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa rí TotalEnergies Hi-Perf àti Castrol ní oríṣiríṣi. Nítorí náà, kéèyàn ní "Shell ni mo ń lò" kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ; ẹ fi iye ọjà àdúgbò yín rọ́pò rẹ̀. Ọ́ìlì A, tí kò ní JASO, jẹ́ ₦3,500 lítà kan, ẹ sì ń pa á dà ní 1,000 kìlómítà. Ọ́ìlì B, ọ́ìlì ilẹ̀ 20W-50 MA, jẹ́ ₦5,000, ó ń dé 1,800. Ọ́ìlì D, alábọ́dé, jẹ́ ₦9,000, ó ń dé 3,000. Kìlómítà kan máa ná yín ní ₦3.50 pẹ̀lú A, ₦2.78 pẹ̀lú B, ₦3 pẹ̀lú D. Owó B ló kéré jù, bó tiẹ̀ wọ́n ju A lọ lójú.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ máa ń jẹ ọ́ìlì. Ká ní tiyín ń jẹ 100 mílílítà ní gbogbo 1,000 kìlómítà. Iye tí ẹ máa rọ kún un á sọ A di ₦3.85, B di nǹkan bíi ₦3.28, D di ₦3.90. Ọ́ìlì olówó ńlá tó ń bá sàlẹ́ńsà jáde, owó ni ẹ ń sun. Fún ọ̀kadà tuntun tí kò jẹ ọ́ìlì, tó ń gbé ẹrù oníbàárà kiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, alábọ́dé lè bójú mu. Fún Boxer tó ti tú palẹ̀ rí, ọ́ìlì ilẹ̀ tí a ń pa dà lásìkò ló dáa jù.

Ẹ tún wo iye tó wà nínú ike. Àwọn kan jẹ́ 900 mílílítà, àwọn kan 800, ìrísí wọn sì jọ ti lítà kan. Ẹ fi mílílítà pín owó kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Lítà ọ́ìlì kan kì í sábà ju 900 gíráàmù lọ, yàtọ̀ sí ike. Nítorí náà, ẹ má fi ìwúwo ṣe lítà.

Ike tó ṣì dì, ọ́ìlì tí wọ́n ń wọ̀n, àti ayédèrú

Ọ́ìlì tí wọ́n ń wọ̀n láti inú dúrọ́ọ̀mù kò ní ẹ̀yìn tí ẹ máa kà. Ìyẹn nìkan ti tó láti fi í sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ojúlówó, ó lè jẹ́ ọ́ìlì dúdú tí wọ́n sè, tí wọ́n sì sẹ́. Ọ́ìlì tí wọ́n sè bẹ́ẹ̀ á mọ́ lójú, ṣùgbọ́n kẹ́míkà inú rẹ̀ ti kú, ó sì máa ń rùn bí ohun tó jóná tàbí bí ásíìdì.

Ayédèrú inú ike ló tún le jù. Kí ẹ wà ní Ládípò ní Mushin tàbí ní Gate ní Ìbàdàn, ohun tí ẹ máa wò kò yàtọ̀:

- Òrùka ìdérí gbọ́dọ̀ já nígbà tí ẹ bá ń ṣí i, kí bébà fádákà abẹ́ rẹ̀ sì lẹ̀ pinpin, láìsí gọ́ọ̀mù tó ṣàn.
- Nọ́ńbà ìpele àti ọjọ́ tí wọ́n pò ó gbọ́dọ̀ wà lára ike fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi àtàńpàkò nù ún tó bá parẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀.
- Èyí tí wọ́n pò ní Nàìjíríà yẹ kó ní àmì MANCAP ti SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà.
- Ike tí ara rẹ̀ ti ha, àmọ́ tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tuntun rẹ́rẹ́, ti lọ ṣiṣẹ́ rí kó tó padà wá.

Àwọ̀ kò fi nǹkan kan hàn. Ilé iṣẹ́ kan ń fi àró pupa sí tirẹ̀, òmíràn ń fi àwọ̀ ewé. Àwọn kan máa ń dorí ike méjì kodò láti wo bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń rọra gòkè. Ìyẹn ń sọ èyí tó ki jù lọ́jọ́ náà nìkan, ayédèrú pẹ̀lú lè ki bí oyin. Bí ẹ bá fura pé omi wà nínú rẹ̀, ẹ kán an sórí irin gbígbóná: ọ́ìlì á rú èéfín jẹ́jẹ́, omi á ta pàrà pàrà.

Bí ẹ bá sì ti lo ọ́ìlì tán, ẹ gé ike yẹn sí méjì. Ike òfìfo tó mọ́ ni àwọn tó ń ṣe ayédèrú ń wá rà.

Ní ṣókí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ohun tí ẹ ń gùn | Èyí tí a ó kọ́kọ́ mú | Bí owó bá dín | Ẹ má dé ibẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Boxer àti irú rẹ̀ tó ti rìn jìnnà | 20W-50, MA tàbí MA2, SJ tàbí SL | 20W-50 MA tí orúkọ rẹ̀ kò gbajúmọ̀ ṣùgbọ́n tó ní àpótí JASO | Ọ́ìlì wíwọ̀n, 5W-30 mọ́tò |
| Honda tàbí TVS tuntun | Nọ́ńbà tí ìwé rẹ̀ pè, MA2 | Nọ́ńbà yẹn kan náà, MA | 40 lásán |
| Sìkútà aláìní gíà ẹsẹ̀ | 10W-30 MB | 10W-40 MA | 2T nínú ẹ́ńjìnnì |
| Sítírókù méjì | 2T (ọ́ìlì sítírókù méjì), JASO FC tàbí FD (ìpele JASO fún 2T) | 2T, JASO FB | 4T nínú bẹntiróòlù |

Sìkútà

Sìkútà tó ń lo bẹ́líìtì kò ní kílọ́ọ̀ṣì nínú ọ́ìlì, ìdí rèé tí MB fi bá a mu. Ó yọ̀ dáadáa, epo sì ń dín díẹ̀. MA kò ní bà á jẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé ni pé ó ní ọ́ìlì kejì lẹ́yìn, nínú gíà táyà, nǹkan bíi 100 sí 120 mílílítà péré. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì GY6 tó pọ̀ lára sìkútà Ṣáínà, 80W-90 ni wọ́n ń lò síbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró kan tó ń hu wìì ní táyà ẹ̀yìn tí ẹ bá ń sáré, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ẹ́ńjìnnì GY6 ń gba nǹkan bíi 0.8 lítà, bí ẹ bá da lítà kan odindi sí i torí pé bẹ́ẹ̀ ni ike ṣe wá, èyí tó lé á gba ihò atẹ́gùn lọ rin fíítà gbindin.

Fún sítírókù méjì, bíi Jincheng AX100 àti Vespa àtijọ́, inú bẹntiróòlù ni 2T ti ń jóná. AX100 ní táǹkì ọ́ìlì àti pọ́ńpù tirẹ̀. Ẹ kàn máa rọ ọ́ kún un. Vespa PX ń fẹ́ ìdá 2 nínú 100: 20 mílílítà sí lítà bẹntiróòlù kan, 100 sí lítà márùn-ún. 4T kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, torí eérú rẹ̀ á di pulọ́ọ̀gì. Gíà inú AX100 ní ọ́ìlì tirẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má gbàgbé. Ike tó bá sì ti Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́ wọlé máa ń kọ èdè Faransé: "4 temps" ni 4T, "2 temps" ni 2T.

Bí ẹ ṣe máa pa á dà kí ọ́ìlì olówó kékeré má bàa dójú tì yín

Ọ̀kadà tuntun, ìpààrọ̀ àkọ́kọ́ máa ń wà láàárín 500 sí 1,000 kìlómítà, bí ìwé rẹ̀ ṣe wí. Lẹ́yìn ìyẹn, fún ọ̀kadà èrò tó ń lo ọ́ìlì ilẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá 1,500 sí 2,000. Bí aago kìlómítà yín bá ti kú, ẹ fi ọjọ́ ka á: ẹni tó ń rin 100 lójúmọ́ á dé 1,500 ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí ọ́ìlì lè ṣàn. Ẹ gbé e dúró lórí ìdúró àárín, ẹ ṣí ìdérí òkè, ẹ tú nóòtì ìsàlẹ̀, kí ẹ sì ní sùúrù ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ yọ asẹ́ irin tó wà lábẹ́, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Ẹ fi wáṣà tuntun sí nóòtì, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ tẹ sípánà. Aliminíọ́ọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnnì, eyín ihò nóòtì rẹ̀ kì í pẹ́ fá. Iye ọ́ìlì tí wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì tàbí sínú ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i. Fún Honda CG125 àti àwọn tó jọ ọ́, 0.9 lítà ni lẹ́yìn dída ọ́ìlì àtijọ́ nù lásán, 1.1 lítà sì ni bí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ẹ tan án fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ pa á, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó wọn ọ́n. Ti CG125, ẹ kàn máa ki géèjì bọ ihò ni, ẹ má yí i wọlé, kí ó má bàa fi irọ́ hàn yín.

Láàárín ìpààrọ̀ kan sí èkejì, ẹ máa wo géèjì yẹn ní ọjọ́ méjì méjì. Ẹ́ńjìnnì tó kú nítorí pé ọ́ìlì rẹ̀ lọ sílẹ̀ pọ̀ ju èyí tó kú nítorí irú ọ́ìlì lọ. Ẹ kán díẹ̀ sáàárín àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀là. Bó bá ń rùn bí bẹntiróòlù, tó sì fẹ́lẹ́ bí omi, kábúrétọ̀ ló ń jò sínú rẹ̀. Ọ́ìlì tuntun kò ní wo ìyẹn sàn. Bó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́, bóyá níbi àgbàrá tàbí níbi tí wọ́n ti fọ ọ̀kadà. Èéfín búlúù tó jáde láàárọ̀ nìkan tó sì dáwọ́ dúró, rọ́bà fálífù ni. Èyí tó ń jáde ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fúnná, ríìngì ni.

Asẹ́ irin tí ẹ yọ yẹn náà, ẹ má kàn fọ̀ ọ́ kí ẹ dá a padà. Ẹ gbé e sójú oòrùn. Ìyẹ̀fun tó ń tàn bíi fàdákà jẹ́ ti aliminíọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì gbọ́ sí i. Bó bá jẹ́ fọ́nrán dúdú bí òwú ló dì mọ́ ọn, puléètì kílọ́ọ̀ṣì ló ń bó, ẹ sì tún padà lọ ka ẹ̀yìn ike tí ẹ rà kẹ́yìn.